Ọdún Mọ́kànlá Tí Mo Fi Ń Ka Orí Èèyàn Lórí Òkè

Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa ní Rexdale, ní Toronto níhìn-ín, ẹ ní kí n dìde lọ́jọ́ Sátidé kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó mú nínú iṣẹ́ ayé. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá dìde níwájú èèyàn mẹ́wàá, ohùn mi á sá padà sínú ikùn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Ìsẹ́yìn, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dókítà tó ya fọ́tò orúnkún mi níhìn-ín bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá orúnkún ìyá mi kọ́ ni mo gbé wá. Èyí tí mo ń ṣe báyìí ní wiàháòsì ìkẹ́rùsí ní Vaughan, tí mo ń lẹ bébà mọ́ páálí, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, ṣíìfìtì ni. Iṣẹ́ ayé mi ni mímú àlejò rìn lórí òkè ní erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì, níbi tí oòrùn ti ń ràn bí ẹni pé wọ́n gbà á síṣẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Sàídátù, àwọn èèyàn yẹn ò ní mọ́tò ni?"

Mo ní wọ́n ní.

"Kí ni wọ́n wá ń lé lórí òkè?"

Mo ní wọn ò lé nǹkan kan. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á wo ewéko, wọ́n á wo òkun láti ọ̀ọ́kán, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n sì ń sanwó fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá mi ní, "Kí Ọlọ́run má là wọ́n lójú."

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ẹni tó mú wa lọ ní iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni, kò sì parọ́: abọ́ ni mo ń fọ̀. Owó oṣù tó jẹun, ó sì ń ṣẹ́ kù díẹ̀ tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí owó.

Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, obìnrin kan wọ inú kíṣìnì wa. Màmá Déspò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò, ọ̀pá igi ólífì kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń mú àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì gun òkè, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a ru omi. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Àwọn márùn-ún ń sọ bí wọ́n ṣe lágbára tó. Ó na ọ̀pá sí mi. "Èyí tí kò sọ̀rọ̀ yẹn."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ yarọ, tèmi náà yarọ, àwọn méjèèjì wá ń fara ti ara wọn rìn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, sílípáàsì ni mo wọ̀ wá. Màmá Déspò wò ó, ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi, ó jù ú sínú igbó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ wá a jáde, nítorí pé a kì í da ìdọ̀tí sórí òkè. Igbó ẹlẹ́gùn-ún ni, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo jáde, ó fún mi ní bàtà awọ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lò, ó ní, "Ẹ̀kọ́ kìíní ti parí."

Ètò iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ. Ọ̀gá ni orí, ọmọ iṣẹ́ ni ìrù. Ọ̀gá á ṣáájú, àwọn àlejò á wà láàárín, ìrù á kẹ́yìn. Ní gbogbo oríta, a ó dúró, ọ̀gá á sì ka orí. Màmá Déspò kì í fi ojú kà. Ọ̀pá ló fi ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa kà á sókè, ì báà jẹ́ adájọ́, ì báà jẹ́ oníṣòwò ńlá. Ó ní, "Ojú a máa parọ́, Sàídá. Ojú á rí ohun tó rí lánàá. Ìka kì í parọ́."

Ohùn mi ló dà á láàmú jù. Ó ní bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ lẹ́yìn lọ́dọ̀ mi, òun ò ní gbọ́ igbe mi títí ejò náà á fi bímọ. Ló bá gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan àfonífojì, òun lọ dúró sí òdìkejì, ó ní kí n di ikùn mú, kí n máa pe orúkọ igi sí òun. Bí kò bá gbọ́, á gbé ọ̀pá sókè, èmi á tún pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ mi. Àwọn ewúrẹ́ darandaran kan ni. Bí mo bá ti lanu, wọ́n á dá mi lóhùn, wọ́n á sì máa bọ̀. Darandaran náà wá bẹ Màmá Déspò pé kó jọ̀ọ́, kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí òkè míì, pé àwọn ẹran òun ti mọ̀ ọ́n ju òun lọ.

Igi kan wà ńbẹ̀ tí èso rẹ̀ jọ èso igi irú wa láìkù síbì kan: ó gùn, ó dúdú, ó ní kóró nínú. Nígbà tí mo rí i, omijé bọ́ lójú mi. Mo kó apẹ̀rẹ̀ kan, mo se é nínú kíṣìnì òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ méjì. Kóró náà kò rọ̀. Mo bò ó mọ́lẹ̀ pé kó di irú. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kí ló kú. Màmá Déspò ní ara èso náà ni wọ́n ń jẹ, ó ń dùn bí oyin, kóró rẹ̀ kì í sì í ṣe oúnjẹ ẹnì kankan láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní kí n gbé ìkòkò náà lọ sórí òkè kí n sin ín. Mo sin ín. Mo sì ṣàdúrà fún un.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òkúta tí a kùn ní ọ̀dà pupa la fi ń mọ ọ̀nà, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lórí bébà tí Màmá Déspò ti fi lílò sọ di aṣọ. Nígbà tó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù tó ń sọ̀rọ̀ wá. Fóònù á ní kí a yà sósì, òsì náà á sì jẹ́ ọ̀gbun. Ọkùnrin kan láti Họ́láńdì ní fóònù òun mọ̀ ju ìyá àgbà yìí lọ. Màmá Déspò ní kó máa tẹ̀ lé fóònù rẹ̀, ó sì ní kí èmi tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Inú ọgbà ewúrẹ́ ló mú wa dé. Wọ́n jẹ fìlà ọkùnrin náà tán kó tó rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, Màmá Déspò náà ra fóònù. Bí ohùn inú rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á wò ó sùn-ùn, á bi í pé, "Ta ló kọ́ ìwọ níṣẹ́?"

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ ìrù. Ìgbà náà ni ìbàdí Màmá Déspò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní òun máa fi iwájú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọmọkùnrin abúlé kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti ìbọn sì ń fẹ́ ipò náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dán mi wò. Ó ní ó dáa: n ó mú ẹgbẹ́ kan gòkè, n ó mú wọn sọ̀, òun á wà ní ìrù, òun ò sì ní lanu. Bí mo bá ṣe é, iwájú di tèmi. Bí mo bá kùnà, ọmọkùnrin náà á wọlé pẹ̀lú ìrù tirẹ̀, èmi á sì padà sídìí abọ́.

Ẹgbẹ́ tó wá lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ tí ẹ mọ̀. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa yìí ni, tí wọ́n lọ ṣe ìsinmi: Alhaji mẹ́ta, Alhaja márùn-ún. Ẹ ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Alhaji Mufútáù, pé èmi ni mo sọnù tí àwọn wá mi rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n rántí sọ pé àgbò náà tóbi."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín lè máà mọ ohun tó ṣe mí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti rí àgbà Yorùbá mẹ́jọ lójú kan kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Alhaja yìí ń kí mi, Alhaja tọ̀hún ń bi mí lọ́mọ ta ni, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Màmá Déspò sún mọ́ mi láti ẹ̀yìn. "Kí ló já bọ́ tí o ń wá nílẹ̀?"

Mo ṣáájú. Kò pẹ́, Alhaji Mufútáù, tí bàtà tuntun wọn ṣì ní bébà iye owó lára, lé mi bá, wọ́n sì kọjá mi. Báwo ni n ó ṣe sọ fún bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin pé kó bọ́ sẹ́yìn mi? Mo yà sínú koríko, mo ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

A dé oríta àkọ́kọ́. Mo dá wọn dúró, mo na ìka. "Ọ̀kan, méjì—"

"Háà!" Alhaja Múnírá ni, ìyàwó Alhaji Mufútáù. "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo ń kà yín ni, mà."

"O ń ka ta ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ wá ń ka ọlọ́mọ fúnra rẹ̀! Ta ló ní kí o kà wá sílẹ̀ fún ikú? Ewúrẹ́ ni wá?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ká ìka yẹn kò!"

Mo ká a kò. Ọdún mẹ́fà ni Màmá Déspò ti ń ka òyìnbó lójú mi, kò ṣe mí bákan rí. Ṣùgbọ́n bí Alhaja ṣe sọ ọ́, mo rí ojú ìyá mi. Mo padà sí iwájú, Alhaji Mufútáù bọ́ sáàárín àwọn yòókù. Ní oríta kejì, mo kàn rẹ́rìn-ín sí wọn. Ní oríta kẹta, mo tún rẹ́rìn-ín. Màmá Déspò ì bá ti rí nǹkan, ṣùgbọ́n Alhaja kan ti fà á lọ́wọ́, wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn mọ́kànlá hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan.

A dé ibi tí a ó ti jẹun, lábẹ́ igi ńlá kan. Oòrùn ti dé àtàrí. Alhaja Múnírá ṣí báàgì, wọ́n mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde.

"Bàbá Táwá, ẹ wá lo oògùn yín."

Kò sí ìdáhùn.

"Bàbá Táwá!"

Màmá Déspò dìde. Ó gbàgbé pé òun ò ní lanu. "Mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́jọ."

"Mélòó ló wà níbí?"

Mo na ìka. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kankan ò bá mi wí. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, méje.

"Ìgbà wo lo kà wọ́n kẹ́yìn?"

"N kò kà wọ́n, Màmá."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Omi Alhaji wà nínú báàgì ìyàwó wọn. Oògùn wọn wà ńbẹ̀. Fóònù wọn náà wà ńbẹ̀, nítorí pé ẹ̀pà ló kún àpò ṣòkòtò wọn. Ọ̀nà wákàtí kan àti ààbọ̀ ló wà lẹ́yìn wa, pẹ̀lú òkúta àti ọ̀gbun, a ò sì mọ ibi tí wọ́n ti yà.

A padà sẹ́yìn. Mo fun fèrè. Kò sí nǹkan kan. Alhaji sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ajá ni wọ́n ń fi fèrè pè. Mo kígbe: "Alhaji!"

"Na'am!" Àwọn Alhaji méjì tó wà lẹ́yìn mi ni.

"Ẹ̀yin kọ́ o, sà." Mo tún kígbe. "Alhaji o!"

"Na'am!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn, sà."

"Kí la fẹ́ ṣe? Orúkọ wa lò ń pè!"

Àfonífojì náà tún ń dá ohùn padà, gbogbo òkè wá kún fún Alhaji. Mo yíjú sí Alhaja Múnírá. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, orúkọ wo ni wọ́n máa ń dáhùn sí?"

"Bàbá Táwá ni mo ń pè wọ́n."

"Kí ẹ tó bí Táwá ńkọ́?"

"Mo máa ń ní, 'Ẹ gbọ́ ná.'"

"Ìyá wọn ńkọ́? Kí ni ìyá wọn ń pè wọ́n?"

Ibẹ̀ ni Alhaja ti bú sẹ́kún. "Àkànní. Àkànní ni ìyá wọn ń pè wọ́n."

Ẹ gbọ́, àbúrò mi. Ọmọdé kì í la ẹnu pe àgbà ní oríkì báyẹn, bí ẹni pé òun ló bí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ò mọ àgbà. Mo gun òkúta kan, mo di ikùn mú bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ewúrẹ́, mo sì pè é bí mo ṣe rò pé ìyá kan á pe ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Àkànní o! Àkànníííí!"

Lẹ́yìn náà, láti òkè lọ́wọ́ òsì, ohùn kékeré kan jáde.

"Ẹ̀ẹ́n! Ìyá mi!"

"Àkànní, jókòó síbẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀!"

"Mo ti jókòó!"

Ogún ìṣẹ́jú la fi gùn dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí pẹpẹ òkúta kan ni wọ́n wà, tí kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Wọ́n ká ẹsẹ̀ jọ bí ọmọ ilé kéwú. Lókè wọn, àgbò ìgbẹ́ kan dúró, ó ń wò wọ́n. Mo jẹ́rìí sí i: ó tóbi. Ìwo rẹ̀ ká bí táyà.

Alhaji gba omi, wọ́n gbé oògùn mì, wọ́n nawọ́ sókè. "Wo ìwo rẹ̀. Láti ọdún tí mo ti wà ní Toronto, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń gbé ẹran Iléyá fún mi. N kì í rí orí rẹ̀. Mo ní kí n kàn lọ fọwọ́ kan èyí."

"Ẹran ìjọba ni, sà. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ìjọba náà ń ṣe Iléyá?"

Mo kúnlẹ̀ ní ìwọ̀nba ibi tó wà. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Èmi ni mo pè yín bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí òkúta iwájú yìí," wọ́n ní. "Bí mo ṣe gbọ́ Àkànní, ìdí mi jókòó fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé wọ́n ti wá mú mi lọ ni."

Màmá Déspò na ọ̀pá, ó ti òkúta iwájú náà díẹ̀. Ó yọ́, ó ṣubú. A ń gbọ́ ọ lọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó dákẹ́. A sọ̀ kalẹ̀ padà sídìí igi ńlá náà.

Ibẹ̀ ni Màmá Déspò ti sọ ìdájọ́. "Lọ́la, abọ́."

Ẹ̀yin mọ àwọn àgbà wa. Wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ẹni tó ń lé ọmọ níṣẹ́. Àwọn Alhaja bẹ̀rẹ̀: "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é. Ìṣe ọmọdé ni." Wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn Alhaji méjì ń pa ọwọ́ pọ̀. Màmá Déspò ń wò sọ́tùn-ún, ó ń wò sósì. Lójijì, Alhaji Mufútáù bọ́ fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Màmá Déspò pariwo. Ó rò pé oòrùn ti gbé bàbá náà ṣubú. Kí n tó lanu, ó ti da gbogbo omi inú ìgò sí wọn lórí, ó ti yí wọn padà, ó ti gbé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ ti ọmọlanke.

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, màdáámù! Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀!"

"Má sọ̀rọ̀! Máa mí!"

"Sàídátù, sọ fún un! Ẹ̀bẹ̀ ni!"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò lè pè é ní ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ nù. Ìwọ lo rí i. Oríta mẹ́ta ṣì kù kí a tó dé ìsàlẹ̀. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n pé?"

"Wọn ò fẹ́ kíkà, Màmá."

"N kò bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́."

Mo ronú. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n ní orúkọ tí ìyá wọn ń pè wọ́n. Àwọn mìíràn ní láti ronú kí wọ́n tó rántí. Mo wá lọ síwájú, gbogbo wọn lẹ́yìn mi, Alhaji Mufútáù náà lẹ́yìn mi. Ní oríta, mo dúró, mo pè wọ́n: Àkànní! Àbẹ̀kẹ́! Àlàó! Àṣàkẹ́! Wọ́n ń dáhùn, "Ẹ̀ẹ́n!" Alhaja Múnírá, tó ní kí n ká ìka kò, tún fo sókè kí n lè rí wọn. Igbe mẹ́jọ, ìdáhùn mẹ́jọ, títí dé ẹnu bọ́ọ̀sì.

Màmá Déspò gbé ọ̀pá ólífì lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n dá a padà láàárọ̀, kí n lọ wá tèmi, nítorí pé òun kì í fi ọ̀pá tọrẹ.

Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣáájú. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó náà: kí a tó gbéra, mo máa ń bi wọ́n ní orúkọ tí ìyá wọn ń pè wọ́n ní kékeré. Ọ̀gá báńkì kan láti Jámánì, onírùngbọ̀n, tó ga bí òpó iná, sọ ọ́ sí mi létí pé Eku ni. Mo pe Eku ní gbogbo oríta. Ó ń dáhùn. N kò sọ ẹnì kankan nù mọ́, nítorí èèyàn lè di etí sí fèrè, kì í di etí sí ìyẹn. Alhaja Múnírá ló padà sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní Rexdale pé ọmọ kan wà ní erékùṣù kan tó mọ èèyàn í pè. Bí mo ṣe di ìyàwó ilé yín nìyẹn, lẹ́yìn tí orúnkún mi ti ní ó tó.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú yín, kó ra bàtà tó dáa kó tó ra fóònù, kó má sì tìtorí ìtìjú gba ọ̀nà tí kò dá a lójú.

Ní ọjọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, Màmá Déspò ní òun á jẹ́ ìrù fún mi. Ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó gun òkè náà. Ní oríta tó gbẹ̀yìn, mo pe gbogbo wọn, wọ́n dáhùn, mo sì fẹ́ máa lọ. Ó ní kí n dúró. Ó ní wọn ò tíì pé. Ó sún mọ́ mi, ó sọ orúkọ kan fún mi létí, ó sì padà sí àyè rẹ̀ ní ẹ̀yìn. Mo di ikùn mú, mo pè é.

"Déspúlà o!"

"Mo wà níbí," ó ní, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wú ikọ́ díẹ̀. Ó wá na ọ̀pá sí ẹsẹ̀ mi. "Okùn bàtà rẹ tú. Máa lọ."